Ìrànlọ́wọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ojúṣe: Ibo Ló Bẹ̀rẹ̀, Ibo Ló Parí Sí?

Bí a bá ti sọ fún èèyàn pé ìrànlọ́wọ́ jẹ́ ojúṣe, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ tó báwo? Ṣé gbogbo ẹni tó bá nawọ́ sí mi ni kí n fún? Ṣé ìdá mẹ́wàá ohun tó ń wọlé fún mi ni, àbí ìdajì, àbí kí n máa ṣe é nígbà tó bá wù mí? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó bá sì ti fojú kan ẹ̀kọ́ ìwà tó dá lórí ojúṣe, pàápàá èyí tí Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Jámánì, fi kọ́ni, sábà máa ń pín sọ́nà méjì nídìí rẹ̀. Àwọn kan gbà pé níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ ojúṣe, kò lópin, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ sinmi títí ìyà yóò fi tán láyé. Àwọn kejì ti gbọ́ pé Kant pe ìrànlọ́wọ́ ní ojúṣe aláìpé, ìyẹn èyí tí kò sọ iye tàbí ìgbà fúnni, wọ́n wá parí èrò síbẹ̀ pé kò pọn dandan. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Lójú tèmi, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló burú jù, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ẹ̀kọ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì rẹ̀ tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ kan wà tó jẹ́ pé àbájáde ìwà ni wọ́n ń wò. Ohun tó bá mú ire tó pọ̀ jù lọ wá ni wọ́n ń pè ní ohun tó tọ́. Peter Singer, ọmọ Ọsirélíà, wà lára wọn. Ní 1972, ó gbé àpẹẹrẹ kan jáde tó ti di ìlú-mọ̀ọ́ká láàárín àwọn tó ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi kan tí kò jìn, ẹ wá rí ọmọ kékeré kan tó ń rì. Bí ẹ bá wọ inú omi náà, ẹ ó gbà á là, aṣọ yín á sì kan ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Singer wá béèrè pé kí ló yà ọmọ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ebi fẹ́ pa kú ní ilẹ̀ òkèèrè, nígbà tó jẹ́ pé owó yín lè gba òun náà là? Nínú ìdáhùn rẹ̀ tó le jù, ó ní kí èèyàn máa fúnni títí yóò fi dé ibi tó jẹ́ pé, bó bá tún fi kún un, ìnira tí yóò kó bá ara rẹ̀ yóò tó ìtura tí yóò mú bá ẹni tó ń fún.

Ẹ̀kọ́ ojúṣe kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í kó ìtura àti ìnira lé òṣùwọ̀n kó tó mọ ohun tó tọ́. Ìlànà tí èèyàn ń tẹ̀ lé lọ́kàn rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, ó sì ń béèrè bóyá ẹni náà lè fẹ́ kí ìlànà yẹn di òfin fún gbogbo ẹ̀dá, títí kan òun fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń retí iye kan lọ́wọ́ Kant fi máa ń bínú kúrò níbẹ̀.

Ẹni kẹrin nínú ìwé Kant

Kant, tí wọ́n bí ní 1724 ní ìlú Königsberg ní ilẹ̀ Prussia, kọ ìwé kékeré kan lórí ìpìlẹ̀ ìwà, tó jáde ní 1785. Ó mú èèyàn mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ nínú rẹ̀: ẹni tí ayé sú, tó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹni tó fẹ́ yá owó, tó sì ń ṣèlérí tí ó mọ̀ pé òun kò ní mú ṣẹ, ẹni tó ní ẹ̀bùn àbínibí ṣùgbọ́n tó fi fàájì pa á rẹ́, àti ẹni kẹrin, òun ló kàn wá níbí. Nǹkan ń lọ déédéé fún ọkùnrin yìí. Ó ń rí àwọn tí ìyà ń jẹ, ó sì ní agbára láti ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ló kan òun. Kí olúkúlùkù gba ìpín rẹ̀. Òun kò ní mú nǹkan ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní ṣe ìlara ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kò sí lára ohun tí òun wá ṣe láyé.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe olè, kì í ṣe òpùrọ́. Kant tilẹ̀ gbà pé bí gbogbo èèyàn bá rí bíi tirẹ̀, ayé kò ní torí ìyẹn dojú dé, ó tiẹ̀ lè sàn ju ayé tí gbogbo ẹnu ti ń sọ̀rọ̀ àánú, tí ọwọ́ sì ń rẹ́ni jẹ lábẹ́lẹ̀. Ti ẹni tó ń ṣèlérí èké yàtọ̀ sí èyí. Bí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yá owó bá ń ṣèlérí irọ́, kò ní sí ẹni tó máa gba ìlérí gbọ́ mọ́, ìlérí fúnra rẹ̀ á sì di òfo. Ayé tí kò sí ìrànlọ́wọ́ lè dúró ní tirẹ̀. Ohun tí Kant sọ pé kò ṣeé ṣe ni kí èèyàn fi tinútinú fẹ́ ẹ, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló lè ṣẹlẹ̀ tí òun náà yóò nílò ìfẹ́ àti àánú àwọn ẹlòmíràn, tí òfin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yóò sì ti dínà rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ohun tó ń sọ ni pé ràn mí lọ́wọ́ lónìí, kí n lè ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́la. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ káràkátà lásán ni, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀, tí ara rẹ̀ le, tó sì láyà láti sọ pé "bí mo bá ṣubú, kí ẹ fi mí sílẹ̀ síbẹ̀" ti bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Barbara Herman, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fèsì sí èyí nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1984, mi ò sì tíì rí èsì tó dára jù ú lọ. Bó ṣe yé mi sí, kò sí ẹni tó lè dúró lónìí kó sọ pé òun ti kọ ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ títí ayé. Àìlówó kọ́ ló fà á. Ẹ̀dá ni wá, agbára wa sì lópin, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan kan wà tí a kò lè jọ̀wọ́ wọn láìjẹ́ pé a jọ̀wọ́ jíjẹ́ ẹni tó ń ronú, tó sì ń pinnu fún ara rẹ̀: ẹ̀mí wa, làákàyè wa, òmìnira láti yan ohun tí a ó fi ayé wa ṣe. Ọjọ́ tí ìwọ̀nyí bá wà nínú ewu, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn nìkan ló lè yọ wọ́n, ìgboyà àná kò tó nǹkan kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a ṣe dá àwọn méjèèjì ni òwe yẹn ń sọ, kì í ṣe pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Ohun tí Kant ń wò náà nìyẹn.

Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn tó rọrùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti dì mú: kí a má ṣe lo èèyàn bí irinṣẹ́ lásán, kí a kà á sí ẹni tó níyì fúnra rẹ̀. A sábà máa ń gbọ́ èyí bíi pé kò ju kí a má rẹ́ni jẹ, kí a má fipá múni. Kant ní ìyẹn kò tíì tó. Ẹni tí kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni, tí kò sì ṣe rere fún ẹnikẹ́ni, ti yẹra fún títẹ àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ni, kò tíì gbà dé ọkàn pé wọ́n níyì. Bí mo bá gbà lóòótọ́ pé o níyì fúnra rẹ, ohun tí ò ń lépa gbọ́dọ̀ kàn mí náà, débi tó bá ṣeé ṣe dé.

Ojúṣe tó há, ojúṣe tó fẹ̀

Ìwé ńlá tí Kant kọ lórí ìwà jáde ní 1797, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ojúṣe kan há, òmíràn sì fẹ̀. Èyí tó há ń sọ ìwà náà gan-an fúnni: san gbèsè tí o jẹ, mú àdéhùn rẹ ṣẹ. Ẹni tí a jẹ, iye tí a jẹ, ọjọ́ tí yóò pé, gbogbo rẹ̀ ló hàn kedere. Olówó kò ní gbà pé ẹ ti san ti ẹlòmíràn lóṣù tó kọjá. Èyí tó fẹ̀, òun náà ni ojúṣe aláìpé, kì í dárúkọ ìwà kan pàtó. Ohun tó ń pa láṣẹ ni kí a fi nǹkan kan ṣe ohun tí à ń lépa, bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ìrànlọ́wọ́, ohun náà ni ire àwọn ẹlòmíràn. Ta ni, nígbà wo, báwo, mélòó: ààyè wà fún èèyàn láti fi ọgbọ́n orí rẹ̀ yàn.

Ààyè yìí ló ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Wọ́n gbọ́ ọ bíi pé wọ́n fún wọn ní ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ ibi kan náà tí Kant ti mẹ́nu ba ààyè ló ti kìlọ̀ pé kì í ṣe àṣẹ láti yọ ara ẹni sílẹ̀ nínú ìlànà náà. Ohun tó gbà ni pé kí ojúṣe kan dín òmíràn kù, ó sì mú un ṣe àpẹẹrẹ pé ìfẹ́ sí àwọn òbí ẹni lè dín ìfẹ́ sí ọmọnìkejì lápapọ̀ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kò sọ pé ọ̀lẹ lè dín in kù, kò sì sọ pé "kò wù mí lónìí" lè dín in kù.

Tí a bá wá di gbólóhùn yẹn mú ṣinṣin, ó le o. Yóò jẹ́ pé ìgbàkígbà tí mo bá lè ran ẹnìkan lọ́wọ́, tí ojúṣe mìíràn kò sì dí mi lọ́wọ́, dandan ni kí n ràn án. Wákàtí méjì tí mo fi wo bọ́ọ̀lù á di ohun tí mo gbọ́dọ̀ wí àwíjàre lé lórí. Àwọn onímọ̀ kan kà á bẹ́ẹ̀ gan-an. David Cummiskey tiẹ̀ kọ odindi ìwé kan ní 1996 láti fi hàn pé ìpìlẹ̀ tí Kant fi lélẹ̀, tí a bá tẹ̀ lé e dé òpin, kò ní gbé wa sí ibòmíràn ju ibi tí àwọn tó ń wo àbájáde wà. Thomas Hill, ọmọ Amẹ́ríkà, ti kà á lọ́nà tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1971. Ó ní irú ojúṣe fífẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ jẹ́ fi èèyàn sílẹ̀ láti má ṣe é nígbà mìíràn, kódà nígbà tí kò sí ojúṣe mìíràn nílẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé ó ń ṣe é nígbà mìíràn, tí ìlànà náà sì wà lọ́kàn rẹ̀ ní tòótọ́.

Ọkàn mi fà sí ti Hill. Kant fúnra rẹ̀ sọ pé ìlànà tó ní kí èèyàn fi ìdùnnú tirẹ̀ rúbọ pátápátá nítorí ti ẹlòmíràn yóò ta ko ara rẹ̀ bó bá di òfin fún gbogbo ayé. Èmi tí mò ń ṣèrànwọ́ wà lára àwọn tó níyì fúnra wọn. Ẹ̀kọ́ tó bá wá sọ mí di ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ire lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ti lò mí bí irinṣẹ́, ohun tó ní ká má ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti Hill: ẹni tí ìlànà náà wà lọ́kàn rẹ̀ nìkan ló ni ààyè yẹn.

Ẹ wo ọkùnrin kan tó ń fẹnu sọ pé ìrànlọ́wọ́ jẹ́ ojúṣe. Wọ́n wá bá a lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọwọ́ òun dí. Wọ́n tún wá, ó ní ẹni tó wá yẹn kọ́ ló yẹ kí òun ràn. Nígbà tó tún yá, ó ní owó ọwọ́ òun wà fún nǹkan pàtàkì kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun ń retí ìgbà tí nǹkan yóò rọrùn sí i. Mú ìdáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí a lè fi dá a lẹ́jọ́, torí ojúṣe tó fẹ̀ gbà pé kí èèyàn sọ pé rárá nígbà mìíràn. Kó gbogbo wọn jọ, ìlànà tó ń tẹ̀ lé á hàn gbangba. Ọkùnrin kẹrin inú ìwé Kant ni, ó kàn jẹ́ pé tiẹ̀ ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó ti rú ojúṣe rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ kan tí a lè nàka sí pé ọjọ́ yìí gan-an ló rú u. Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ọjọ́ kan pàtó ṣòro láti rí, ó sì tún ṣòro jù fún ẹni tó ń dá a.

Ohun kan wà tó ń mú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún àwọn kan. Ẹgbẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Oxford ní 2009, Giving What We Can, ń ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún àwọn ṣèrànwọ́. Kò sí ibi tí Kant ti dárúkọ ìdá mẹ́wàá. Àmọ́ bí èèyàn bá ti ṣèlérí, ojúṣe tó fẹ̀ ti há nìyẹn: ó ti ní iye, ó ti ní àkókò, àwíjàre ọkùnrin òkè yìí kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ọgbọ́n ńlá ni fún ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè máa tan ara òun jẹ.

Nígbà tí ààyè bá tán

Ọmọ tó ń rì sínú omi ńkọ́? Ṣé mo lè sọ pé mo ti ran èèyàn mẹ́ta lọ́wọ́ lọ́dún yìí, kí ọmọ yìí dúró de ẹlòmíràn? Rárá. Ìdí tí ojúṣe ìrànlọ́wọ́ fi ní ààyè ni pé a ní àwọn nǹkan mìíràn tó tọ́ láti lépa, a kò sì lè lépa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ tí kò kan ẹrẹ̀ kò sí lára nǹkan tí èèyàn ń gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀mí ọmọ. Ẹni tó bá kọjá lọ níbẹ̀ kò lè sọ pé ìgbà mìíràn lòun yàn láti ṣèrànwọ́. Ohun tó ń ṣe gan-an ti fi hàn pé ọmọ náà kò jámọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bí ewu bá tóbi, tí àkókò kò sí, tó jẹ́ èmi nìkan ló wà níbẹ̀, tí ohun tí yóò ná mi sì kéré, ojúṣe tó fẹ̀ á há bíi gbèsè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe lè dá Singer lóhùn nípa ẹni tó wà lókèèrè. Ẹ̀kọ́ ojúṣe kò sọ pé ọ̀nà jíjìn ń dín iyì èèyàn kù. Ohun tó yí padà ni pé àwọn tó wà nínú ìṣòro lókèèrè pọ̀ lọ jàra, àwọn tó lè ràn wọ́n náà sì pọ̀, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ tèmi nìkan bí ti ọmọ inú adágún. Ààyè láti yan ẹni tí n ó ràn àti ìgbà tí n ó ràn án tún padà wá. Ààyè láti má ran ẹnikẹ́ni rárá kò sí níbẹ̀ rí.

Òfin àwọn orílẹ̀-èdè kan pẹ̀lú ti dá sí ọ̀rọ̀ ìgbàlà yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì pọ̀. Ní Jámánì, abala 323c ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé ẹni tó kọ̀ láti ṣèrànwọ́ níbi ìjàǹbá, nígbà tó lè ṣe é láìfi ara rẹ̀ sínú ewu ńlá, lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún kan tàbí kó san owó ìtanràn. Ní ilẹ̀ Faransé, ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti owó ìtanràn 75,000 yúrò. Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, owó ìtanràn rẹ̀ kò lè ju 100 dọ́là lọ. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn kò fi irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ lé àjèjì lọ́rùn rárá, àfi bí nǹkan kan bá so òun àti ẹni tó wà nínú ewu pọ̀. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ yìí dà wá láàmú. Kant ti ṣàlàyé ìdí tí ìjọba kò fi lè fi agbára mú ojúṣe tó fẹ̀ ṣẹ: ẹlòmíràn lè fipá mú mi ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fipá mú mi fi nǹkan ṣe ohun tí mò ń lépa lọ́kàn. Apá ibi tó ti há nìkan ni òfin ìjọba lè dì mú.

Ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá

Lápá kejì, ó ní ibi tí ìrànlọ́wọ́ parí sí. Kant béèrè ìbéèrè náà ní tààrà nínú ìwé 1797, pé ibo ló yẹ kí èèyàn ná ohun ìní rẹ̀ dé nítorí oore. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò yẹ kó dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ á ti wá nílò oore àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi oore sọ ara rẹ̀ di alágbe ti gbé ẹrù kan kúrò lórí ẹnìkan lọ sórí ẹlòmíràn ni. Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ kò ní ojúṣe láti bẹ́ sínú odò tó ń ru. Bó bá bẹ́, tó sì yọ ọmọ náà, a ó kan sáárá sí i, ṣùgbọ́n a kò ní lè bá ẹni tí kò bẹ́ wí.

Ojúṣe tó há náà tún jẹ́ ààlà. Owó tí mo jẹ ẹlòmíràn kì í ṣe owó tí mo lè fi ṣàánú, bó ti wù kí ojú aláìní náà ṣeni láàánú tó. N kò lè jí ti ọlọ́rọ̀ fún tálákà. Kant gbé èyí dé ibi tó ya gbogbo ayé lẹ́nu nínú àròkọ kan tó kọ ní 1797: apànìyàn kan ń béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lé wà nínú ilé, Kant sì ní o kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fara mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kò bá a débẹ̀, èmi náà kò sì bá a débẹ̀. Síbẹ̀ àpẹẹrẹ náà jẹ́ ká rí bó ṣe to ojúṣe: ìrànlọ́wọ́ kò gba iwájú ojúṣe tó há.

Ààlà kẹta ni ẹni tí à ń ràn fúnra rẹ̀. N kò lè mú inú àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé dùn gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe rò pé ìdùnnú yẹ kó rí, kí n wá pè é ní oore. Ohun tí òun ń fẹ́ ni kí n bá a lépa, bí kò bá ti lòdì. Kant tún ní kí a ṣọ́ra kí oore má bàa rẹ ẹni tó gbà á sílẹ̀: kí olóore fi hàn bíi pé gbígbà tí ẹni náà gbà á bu ọlá fún òun, ó sì dára jù bó bá lè ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ Kant kò ní àánú nínú kò rántí pé inú ìwé yìí kan náà ló ti ní kí a má ṣe sá fún ibi tí àwọn aláìní wà, kí a wá wọn lọ, kí a má ṣe yẹra fún yàrá àwọn aláìsàn àti ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn onígbèsè. Àánú tí ojú rí máa ń mú èèyàn ṣe ohun tí ìrònú nípa ojúṣe nìkan lè má mú un ṣe. Lára ojúṣe náà ni pé kí n má ṣe ṣètò ayé mi lọ́nà tí n kò fi ní rí ẹni tí ìyà ń jẹ.

Ṣé oore ni àbí gbèsè?

Gbogbo ohun tí mo ti sọ bọ̀ gbà pé ohun tí mo fi ń ṣèrànwọ́ jẹ́ tèmi lóòótọ́. Kant fúnra rẹ̀ kò dá a lójú bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé agbára tí ọlọ́rọ̀ ní láti ṣoore sábà máa ń wá láti inú àìṣòdodo ìjọba, tó gbé àwọn kan ga, tó sì dá àìdọ́gba sílẹ̀ tó mú kí àwọn mìíràn nílò oore wọn. Ó wá béèrè pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ìrànlọ́wọ́ tí ọlọ́rọ̀ náà ń yangàn rẹ̀ tiẹ̀ yẹ lóhun tí à ń pè ní oore?

Èmi gbà pé gbólóhùn yìí ló yí ìbéèrè wa padà jù lọ. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ mi bá wá láti inú ètò kan tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, dídá a padà kò sí lábẹ́ ojúṣe tó fẹ̀ mọ́. Gbèsè ni, gbèsè sì há. Kò sí pé mo yan ẹni tí n ó fún, kò sí pé mo dúró de ìgbà tó bá rọ̀ mí lọ́rùn. Thomas Pogge, ọmọ Jámánì, gba ọ̀nà yìí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2002. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ àti àwọn ará ibẹ̀ jọ ń gbé ètò òwò àti ìṣèlú àgbáyé ró, ètò náà sì ń pa àwọn tálákà lára. Nítorí náà ohun tí wọ́n jẹ àwọn tálákà kọjá àánú. Wọ́n gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú ìpalára, kí wọ́n sì tún ohun tí wọ́n ti bà jẹ́ ṣe. Àwọn kan ń bá a jiyàn lórí bí ọ̀rọ̀ ajé àgbáyé ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, iyàn yẹn kò sì tíì parí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó bi ara rẹ̀ pé èló ni òun fẹ́ fi ta ọmọnìkejì lọ́rẹ, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè èló nínú rẹ̀ ló jẹ́ tirẹ̀ láti fi ta á lọ́rẹ.

W. D. Ross, ọmọ Scotland, fún wa ní èrò tó ń ranni lọ́wọ́ níbi tí àwọn ojúṣe bá ti ń fa ara wọn. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1930, ó to àwọn ojúṣe tí kò ṣeé sọ di ẹyọ kan: mímú ìlérí ṣẹ, àtúnṣe ibi tí a ṣe, ìmoore, òdodo, ìrànlọ́wọ́, àtúnṣe ara ẹni, àti ìyẹra fún ìpalára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò sì sí agbekalẹ̀ tó ń sọ èyí tí yóò borí. Ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni yóò wò ó, tí yóò sì pinnu. Ó ń bí àwọn kan nínú pé kò fún wa ní òfin tó dúró sójú kan. Lójú tèmi, òótọ́ ló sọ.

Ó ku ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ kò tíì fìmọ̀ ṣọ̀kan lé lórí. Ká ní ọmọ méjì ló ń rì, èmi àti ẹnìkan ló sì ń kọjá lọ. Ìpín mi jẹ́ ọ̀kan, tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Mo fa ọmọ kan jáde, mo bojú wẹ̀yìn, ẹni náà ti lọ. Liam Murphy, nínú ìwé kan tó jáde ní 2000, jiyàn pé ojúṣe ìrànlọ́wọ́ jẹ́ ohun tí gbogbo wa jọ ń gbé, kò sì yẹ kí ẹrù mi wúwo sí i torí pé ẹlòmíràn ju tirẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu bí ọ̀rọ̀ bá kan owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ yẹ kó dá. Létí omi yẹn, kò bọ́gbọ́n mu lójú mi rárá. Ohun tí ọmọ kejì lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́wọ́ mi kò ti ọwọ́ ẹni tó sá lọ wá, kò sì lè bá a lọ. Mo lè bá ẹni náà jà nígbà tó bá yá, mo tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí i, ṣùgbọ́n mo ní láti tún wọ inú omi ná.